Nígbà tí èrò bá dìde sí olórin: ta ló jẹ wọ́n ní gbèsè?

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Sátidé tó kọjá, èmi àti ìyàwó mi lọ wo eré olórin kan. Aago méje ni wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì. Aago méje di mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án di mọ́kànlá. Ó ku díẹ̀ kí aago méjìlá lù kó tó jáde. Kò sí ẹnì kan tó ń lu nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀. Ó gbé CD sílẹ̀, ó ń pariwo lé e lórí. Kò tíì kọ ju orin mẹ́ta lọ táwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe “Olè! Olè!” Kí n tó ṣẹ́jú, pure water ti ń fò. Mi ò ní purọ́, èmi náà ju ọ̀kan. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé, ó ní ìwà ọmọ ìta ni mo hù. Èmi ní owó mi ni mo fi wọlé. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣojú yín rí, ẹ sọ bó ṣe lọ fún wa.

*

Àbúrò, ibi tí pure water yẹn ń bọ́ sí ni èmi ti wà rí, torí náà jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lójú ẹni tó wà lórí pèpéle.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi lu gángan fáwọn ẹgbẹ́ olórin n’Ìbàdàn kí n tó kúrò nídìí ìlù lọ sídìí sáùnù. Wọ́n pè wá sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nígbà kan, eré ìparí sáà. Àwọn ọmọ yẹn ti wà lórí pápá láti ìrọ̀lẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kú lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ọ̀gá wa wá gbé máìkì sẹ́nu, igbe híììì ló kọ́kọ́ jáde látinú sípíkà, gbogbo èèyàn fọwọ́ dí etí. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì bá a pàdé á rò pé pure water tó kún ló ń dunni jù. Kì í ṣe òun. Èyí tí wọ́n ti fà mu dé ìdajì, tí wọ́n wá lọ́ ẹnu ẹ̀ pọ̀ dáadáa, òun ló ń fò jìnnà, òun ló sì ń ba ibi tí wọ́n fojú sùn. Ọ̀kan bọ́ lé ojú gángan mi, ó bẹ́, omi tú sí awọ. Gbogbo ẹni tó bá ti lùlù rí ló mọ ohun tó kàn. Awọ mumi, ó dẹ̀. Mo ń fa ọsán, mo ń fi apá fún un mọ́ ìhà, ohùn òkè ò jáde mọ́. Ìlù tó ń ki èèyàn ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn ń dún bí igbá tó sán. Mo gbójú sókè, mo rí ọmọbìnrin kan níwájú tó ń rẹ́rìn-ín, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. N kò mọ̀ ọ́n, kò mọ̀ mí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹjọ́ wọn jẹ́ òtítọ́. Wọ́n sanwó, ebi ń pa wọ́n, wọ́n ti dúró kọjá ibi tó yẹ kéèyàn dúró. Àmọ́ àwa kọ́ la jẹ wọ́n ní gbèsè. Àwa náà ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì láti ọ̀sán, a ń retí iná.

Torí náà, lójú tèmi, o jàre lórí ariwo, ìyàwó rẹ jàre lórí pure water.

*

Mo ti ka èsì yín. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé olórin tó bá mọṣẹ́ kò sí èrò tí kò lè tù nínú, pé ẹni tí wọ́n bá sọ nǹkan lù, orin ẹ̀ ni kò dáa. Mi ò gbà rárá, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ wo ohun tó ṣe Carlinhos Brown, olórin Brazil kan.

Ọmọ Candeal ni, àdúgbò kan ní ìlú Salvador ní Bahia, ní Brazil, níbi tí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ti gbé ìlù òrìṣà ró títí dòní. Òun ló dá ẹgbẹ́ onílù Timbalada sílẹ̀. Ká fi ìlù gbé èèyàn dìde, iṣẹ́ ẹ̀ gan-an nìyẹn. Ní January 14, 2001, wọ́n fi í sínú eré Rock in Rio, ní Rio de Janeiro. Ọjọ́ wo ni wọ́n wá fi í sí? Ọjọ́ tí Guns N’ Roses, ẹgbẹ́ onígìtá líle ti Amẹ́ríkà, máa kọrin. Gìtá líle làwọn tó wà níwájú pèpéle wá gbọ́, wọ́n ti dúró dè é nínú oòrùn, wọ́n gbójú sókè, onílù Bahia ni wọ́n rí. Ike omi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. Ọkùnrin náà ò sá. Ó rìn bọ̀ níwájú láàárín ike tó ń fò, ó na apá méjèèjì, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Wọn ò yéé sọ ike lù ú.

Ṣé orin ẹ̀ ni kò dáa? Ẹ gbé ọkùnrin kan náà sí títì Salvador nígbà Carnaval, kẹ́ ẹ wo iye èèyàn tó máa jó tẹ̀lé e. Ẹni tó kọ orúkọ ẹ̀ sí ọjọ́ yẹn ló ṣe é. Ohun tó sì ń bí mi nínú ni pé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe Rock in Rio ní January 1985, wọ́n fi Erasmo Carlos, olórin Brazil, sí ọjọ́ kan náà pẹ̀lú Iron Maiden, ẹgbẹ́ onígìtá líle, àwọn ọmọ gìtá líle pariwo lé e lórí bákan náà. Ọdún 16 ló wà láàárín, wọ́n tún ṣe é.

*

Ẹnì kan ní ṣé kì í ṣe pé àwọn ará Brazil kàn ń wá ìjà ni. Rárá o. Ariwo wọn ní ìtàn, ó sì gùn ju ti Rock in Rio lọ.

Àwọn ológun gba ìjọba níbẹ̀ ní 1964. Kò pẹ́ kò jìnnà, ìdíje orin tí tẹlifíṣọ̀n ń gbé jáde di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sọ ohun tí wọn ò lè sọ lójú títì. Torí náà wọn ò wá gbọ́ orin lásán, ẹgbẹ́ ni wọ́n ń tò. Ní October 1967, ní São Paulo, wọ́n pariwo lé olórin Sérgio Ricardo lórí débi tí òun fúnra ẹ̀ ò gbọ́ ohùn ara ẹ̀ mọ́. Ó fọ́ gìtá ẹ̀, ó sì jù ú sáàárín wọn. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje náà.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kan olórin mìíràn, Caetano Veloso. September 15, 1968, gbọ̀ngàn TUCA, ti yunifásítì Kátólíìkì São Paulo. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kórìíra ológun ló kún ibẹ̀. Lójú wọn, gìtá oníná jẹ́ nǹkan àwọn Amẹ́ríkà tó ń ti ológun lẹ́yìn, olórin Brazil gidi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Caetano wọ aṣọ oníke jáde, ẹgbẹ́ olórin Os Mutantes ń fi gìtá oníná gbè é. Tòmátò dé, ẹyin dé. Èrò kẹ̀yìn sí pèpéle. Os Mutantes náà kẹ̀yìn sí èrò, wọ́n ń lu gìtá wọn lọ. Olórin Gilberto Gil, tí wọ́n ti já kúrò nínú ìdíje kan náà, gòkè wá dúró ti ọ̀rẹ́ ẹ̀. Caetano pa orin tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn wí: ó ní ṣé àwọn ọ̀dọ́ tó ní àwọn fẹ́ gba ìjọba nìyí, pé tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe mọ orin yìí náà ni wọ́n ṣe mọ ìṣèlú, a ti gbé.

Kẹ́ ẹ wá wo Gil yẹn. Ní July 1967, òun fúnra ẹ̀ wà nínú ìwọ́de tí wọ́n ṣe ní São Paulo lòdì sí gìtá oníná. Kí October ọdún yẹn tó parí, ó ti gbé Os Mutantes àti gìtá wọn sórí pèpéle. Èèyàn lè yí èrò padà láàárín oṣù mẹ́ta. Èrò tó wà nísàlẹ̀ kì í sábà fún olórin láyè bẹ́ẹ̀.

Èyí tó máa ń dùn mí níbẹ̀ ni ti December ọdún 1968. Àwọn ológun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kórìíra wá mú Caetano àti Gil, wọ́n tì wọ́n mọ́lé, lẹ́yìn náà wọ́n lé wọn kúrò nílùú. London ni wọ́n gbé títí di 1972. Àwọn tó sọ tòmátò ti fojú ọ̀tá wo ẹni tí ọ̀tá wọn gan-an ń bọ̀ wá kó. (Gil yìí ló wá sí Èkó fún FESTAC ní 1977. Mo ti bá àwọn àgbà onílù pàdé tí wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ àwọn ará Brazil tó wá nígbà náà.)

*

Bọ̀dá tó mú ọ̀rọ̀ Bob Dylan, olórin Amẹ́ríkà, wá, ẹ ṣeun. Ẹ ní nítorí gìtá oníná ni wọ́n ṣe pariwo lé e lórí níbi àjọ̀dún orin ìbílẹ̀ Newport ní Amẹ́ríkà, ní July 25, 1965. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Èmi tó ń ṣe sáùnù, ibòmíì lojú mi máa ń lọ. Orin mẹ́ta péré ló kọ pẹ̀lú àwọn onígìtá ẹ̀, ó sì kúrò. Àwọn tó wà níbẹ̀ ò tíì fẹnu kò títí dòní: àwọn kan ní gìtá ló bí àwọn nínú, àwọn kan ní eré ti kúrú jù, àwọn mìíràn ní sáùnù dàrú, àwọn ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Pete Seeger, àgbà olórin tí inú ẹ̀ ru jù lọ lọ́jọ́ náà, sọ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé ohun tó bí òun nínú ni pé ọ̀rọ̀ orin ò yé èèyàn.

Mo gbà á gbọ́. Tí ohùn bá ń dàrú létí èèyàn, inú á kọ́kọ́ bí i, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó wá ìdí tó máa fi gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹni tó wà níwájú á ní olórin ò mọ̀ ọ́n kọ. Ẹni tó wà lẹ́yìn ò tiẹ̀ gbọ́ nǹkan kan. Olórin fúnra ẹ̀, tí mónítọ̀, ìyẹn sípíkà tó kọjú sí i, bá ti kú, kò mọ ohun tí wọ́n ń gbọ́, á kàn máa rí i pé ojú wọn ti yí padà.

Wọ́n tún pariwo lé Dylan lórí ní Manchester, ní May 17, 1966. Ọkùnrin kan jókòó sínú gbọ̀ngàn Free Trade Hall, ó dúró kí orin parí, ó wá ké “Judas!”  Ọ̀rọ̀ ẹnu ló fi jà, kò sọ òkúta.

*

Sí arábìnrin tó ní ọ̀rọ̀ yìí máa ń le ju bẹ́ẹ̀ lọ tó bá jẹ́ obìnrin ló wà lórí pèpéle: òótọ́ lẹ sọ, n kò ní bá yín jiyàn. Níbi eré Reading, lórílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, ní 2000, ọmọbìnrin olórin méjì, Daphne and Celeste, ni wọ́n fi ike àti ìgò lé. Wọ́n ṣe 50 Cent náà bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ní 2004, torí náà kì í ṣe obìnrin nìkan. Ṣùgbọ́n èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti Sinéad O’Connor, olórin ará Ireland.

October 3, 1992, ó ya àwòrán Póòpù lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ó ń bá ìjọ Kátólíìkì wí lórí àwọn ọmọdé tí wọ́n fìyà jẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, October 16, ó jáde ní Madison Square Garden, ní New York, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ́sí Bob Dylan yẹn kan náà. Ariwo ta. Ó dúró síbẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Olórin Kris Kristofferson wá bá a, ó sọ̀rọ̀ sí i létí pé kó má jẹ́ kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Sinéad pa orin tí wọ́n ti jọ múra ẹ̀ tì, ó ní kí wọ́n gbé ohùn máìkì sókè, ó kọ “War” ti Bob Marley láìsí ìlù, láìsí gìtá. Nígbà tó kúrò níbẹ̀ ló tó sunkún.

Ibí ni ọ̀rọ̀ gbèsè tí mo ń sọ ò ti ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹnikẹ́ni lówó, sáùnù ò bàjẹ́, kò pẹ́ dé. Ohun tó sọ ni wọn ò fẹ́ gbọ́, wọ́n sì gbé e wá síbi tí kò ti sọ ọ́.

*

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ní ilẹ̀ Yorùbá tiwa, a kì í hó lé olórin lórí: a ń ṣe é, ẹ ò kàn gbọ́ ariwo ẹ̀ ni. Lóde àríyá, owó la fi ń sọ̀rọ̀. Tí inú àwọn èèyàn bá dùn, wọ́n á máa lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí. Tí inú wọn ò bá dùn, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa jẹ ìrẹsì wọn. Ẹni tí kò bá wà nídìí iṣẹ́ yìí ò lè mọ bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ṣe ń gún onílù lọ́kàn.

Wọ́n pè wá sí òkú ìyá àgbà kan lọ́nà Ìsẹ́yìn. Ọmọ Ọ̀pómúléró ni wọ́n. Ọ̀gá wa, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìyá náà ní Oníkòyí, ó ń to ogun, ó ń to ọfà. Mo rí i tí àkọ́bí ọkùnrin tó ti ń bọ̀ pẹ̀lú owó lọ́wọ́ dúró lójijì, tó yí padà, tó sì lọ jókòó. Àwọn àbúrò ẹ̀ jókòó tẹ̀ lé e. Láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sẹ́ni tó ń jó mọ́. Kò sẹ́ni tó bú wa, kò sẹ́ni tó ju nǹkan kan.

Màmá arúgbó kan ló dìde níbi tí wọ́n jókòó sí lábẹ́ àtíbàbà. Ó rìn wá díẹ̀díẹ̀, ó gba máìkì lọ́wọ́ ọ̀gá wa, kò tiẹ̀ wojú ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki òkú náà bó ṣe yẹ kí wọ́n kì í, láti orí baba dé orí ìyá, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo gbé gángan, mo ń gbè é lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn bú sẹ́kún, wọ́n dìde, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Màmá náà ni wọ́n ń dà á lé lórí. Ó dá máìkì padà nígbà tó parí, ó lọ jókòó.

Nísinsìnyí tí EFCC ń mú àwọn tó ń fọ́n naira lóde àríyá, nítorí òfin CBN ti 2007, owó ti wọnú àpótí àti fóònù lọ. Olórin ò tètè mọ̀ mọ́ bóyá inú èrò dùn sí òun. Mo ti rí ẹgbẹ́ kan tó kọrin fún wákàtí méjì láìmọ̀ pé ara ń kan àwọn onílé.

*

Ẹnì kan mú Apollo, gbọ̀ngàn eré ní Harlem, New York, wá, ó ní ṣebí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń hó lé èèyàn lórí láti 1934, kò sì pa ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ àdéhùn ni níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá gòkè ní Amateur Night, ìdíje wọn fáwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, mọ̀ pé tí wọn ò bá fẹ́ òun, ọkùnrin kan á fi ìgbálẹ̀ gbá òun kúrò. Wọ́n á fọwọ́ kan kùkùté igi kan kí wọ́n tó kọrin, fún oríire. Ella Fitzgerald gòkè níbẹ̀ ní November 1934, ó fẹ́ jó, ó yí i sí orin, ó sì gbégbá orókè. Wọ́n hó lé Lauryn Hill níbẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ 13, ó kọrin ẹ̀ parí. Ẹni tó gòkè ti fọwọ́ sí i kó tó gòkè. Olórin tó wá ṣiṣẹ́ fún àbúrò wa yìí lọ́jọ́ Sátidé ò fọwọ́ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

*

Àbúrò tún ti wọlé, ó ní òun rí ọmọkùnrin kan tó bá wọn gbé sípíkà lọ́jọ́ náà. Ó ní olórin ti wà nínú mọ́tò lẹ́yìn pèpéle láti aago mẹ́jọ. Ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ ló kọ̀, kò tanná, torí wọn ò tíì san owó ẹ̀. Àwọn onílù olórin ní òde mìíràn tí wọ́n ń lọ, wọ́n dúró títí di aago mẹ́wàá, wọ́n lọ. Ìdí tó fi gbé CD nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tí mo ń bá bọ̀ nìyí. Gbèsè máa ń gòkè láti ìgbà tí wọ́n bá ti ṣí ilẹ̀kùn, ẹni tó bá gbẹ̀yìn jáde ni wọ́n ń fi gbà. Ní Montreal, ní Canada, August 8, 1992, iná pèpéle jó James Hetfield, olórin ẹgbẹ́ Metallica, wọ́n dá eré wọn dúró. Èrò wá jókòó ju wákàtí méjì lọ kí Guns N’ Roses tó jáde. Axl Rose, olórin wọn, kúrò lórí pèpéle láìpé wákàtí. Wọ́n ba pápá ìṣeré náà jẹ́, ìjà dé ojú títì. Mi ò sọ pé Axl Rose ò jẹ̀bi. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń dúró ni inú ti ń kún.

Ohun tí o máa ṣe nìyí. Má wá olórin lọ. Wá tíkẹ́ẹ̀tì rẹ, ya fọ́tò pósítà tí wọ́n kọ aago méje sí, fi alert owó tí o san pamọ́. Kọ̀wé sí ẹni tó gbé eré náà kalẹ̀, kí o béèrè owó rẹ, fún un ní ọjọ́ tí o fẹ́ kó fi fèsì. Tí kò bá dáhùn, gbé e lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà. Òfin ọdún 2018 tó dá wọn sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ nínú fún ẹni tó sanwó tí kò rí ohun tí wọ́n ṣèlérí gbà. Kó àwọn tẹ́ ẹ jọ wà níbẹ̀ jọ, kí ẹ jọ fọwọ́ sí i. Ìwé èèyàn ogún ń wúwo ju ti ẹnì kan.

Ní ti pure water, olórin yẹn ń ka ohun tí wọ́n bá kọ ránṣẹ́ sí i. Kọ ọ́ sí i pé o wà níbẹ̀, pé o ju ọ̀kan, pé o kò mọ̀ nígbà náà pé inú mọ́tò ló wà láti aago mẹ́jọ. Fi han ìyàwó rẹ kí o tó fi ránṣẹ́.

Ṣé tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?